Abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú: èjìká awayanrìn kan ní Ìkòròdú

Ẹni ọdún 46 ni ọkùnrin náà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ mú un wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ físíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, ní Ìkòròdú. Iṣẹ́ yanrìn ló ń ṣe létí omi Májídùn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nídìí ẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ṣọ́bìrì ni. Rárá o. Ọkọ̀ igi ni wọ́n máa ń wà dé ibi tí yanrìn wà, wọ́n á ri àkàsọ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi, ẹni tó máa mòòkùn á di èémí mú, á bá àkàsọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú korobá, á bu yanrìn nísàlẹ̀, á gbé e gòkè, á wá gbé e kọjá èjìká ara rẹ̀ dà sínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe títí ọkọ̀ á fi kún, tí etí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Apá ọ̀tún ni ọkùnrin yìí fi ń dà á. Apá ọ̀tún náà ló ń dùn ún.

Ó ti tó oṣù méje. Tí a bá ní kó fi ibi tó ń dùn ún hàn wá, iwájú èjìká ló máa ń fọwọ́ bà, á wá fi ọwọ́ wọ́ ọ wálẹ̀ gba apá títí dé itòsí ìgbúnwọ́. Kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún yọ owó nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé tóun bá ti ń gbọ́ ìkérora rẹ̀ lóru, òun á dìde lọ gbé omi kaná, òun á fi aṣọ ìnura jó o títí oorun á fi gbé e lọ.

Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa ṣe ni wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ti fi róòbù pa á, wọ́n ti fi òrí ra á, ẹni tó ń wọ́ra ti wọ́ ọ. Diclofenac, oògùn ìrora tó ń rà ní kẹ́míìsì, ló dùn mí jù: ojoojúmọ́ ló fi ń lò ó fún bí oṣù mẹ́ta, inú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Dókítà kan ya ẹ́síréè ọrùn àti èjìká rẹ̀, kò rí eegun tó ṣẹ́ tàbí oríkèé tó yẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe acupuncture, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Mo ní kó ro ibẹ̀ fún mi dáadáa, torí ohun tí aláìsàn bá sọ nípa ìtọ́jú tó ti gbà tẹ́lẹ̀ wà lára àyẹ̀wò. Ó ní ẹni náà di ọrùn ọwọ́ òun méjèèjì mú, ó fara balẹ̀ gbọ́ bí ó ṣe ń lù, ó ní kóun yọ ahọ́n, ó béèrè oorun, ó béèrè ìgbẹ́. Ó wá ní kóun dùbúlẹ̀. Ó gún abẹ́rẹ́ díẹ̀ yí èjìká ká, ọ̀kan ní ìgbúnwọ́, ọ̀kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ó sì gún ọ̀kan ní ojúgun. Ó fi wọ́n síbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. "Èjìká ló ń dùn mí, ẹsẹ̀ ló gún." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú, ó yà á lẹ́nu ni, torí ó ní lóru ọjọ́ náà òun sùn bí òun kò ṣe sùn láti oṣù púpọ̀. Àmọ́ tó bá ti di ọjọ́ kẹta, ìrora á padà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí èmi náà lo abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ má bínú o, Dókítà. Wọ́n ti gún un tán níbòmíràn."

Mo sọ fún un pé ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà ná.

Mo ní kí ọkùnrin náà fi apá sílẹ̀ fún mi, kó má ràn mí lọ́wọ́ rárá. Mo gbé e sókè, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́, mo yí i síta: ó lọ dé òpin. Ìgbà tí mo yí i wọlé nìkan ló há díẹ̀. Èjìká tí oríkèé rẹ̀ bá ti gan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tìyẹn, bí o bá gbé e fúnra rẹ, kò ní gbà fún ọ. Mo yí ọrùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò mú ìrora náà jáde. Ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan lára, agbára ìka rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó fi ìgbúnwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kó wá ti ọwọ́ mi síta, ó ta gìrì.

Mo ní kó dojú bolẹ̀. Mo fi ìka wá orí egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká, díẹ̀díẹ̀, láti òkè lọ sísàlẹ̀. Iṣan kan tẹ́ sórí egungun yẹn tí ìwé wa ń pè ní infraspinatus. Nínú rẹ̀ ni ìka mi ti bá ohun kan tó le tín-ín-rín bí okùn àwọ̀n tí wọ́n fà gan, ojú kan sì wà lórí okùn náà tó dà bíi kókó. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì dúró. Kò pẹ́ rárá tó fi pariwo: "Ibẹ̀ nìyẹn! Iwájú ló ń lọ! Dókítà, iwájú ló ń lọ!" Ẹ̀yìn ni ìka mi wà. Iwájú ló ti ń gbọ́ ọ. Oṣù méje gbáko ni gbogbo wa ti fi ń pa róòbù síbi tí ìrora ń jáde sí, tí a kò sì dé ibi tó ti ń wá.

Mo gbé abẹ́rẹ́ kan tí wọn kò tíì tú láti inú páálí, mo fi han ìyàwó rẹ̀. Mo ní abẹ́rẹ́ yìí àti èyí tí wọ́n fi gún ọkọ yín lọ́hùn-ún, tí a bá kó wọn sórí tábìlì kan náà, èmi gan-an lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èyí tí mo mú lọ́wọ́ fẹ̀ ní 0.30 mm, ó gùn ní 40 mm, kò sì ní ihò nínú. Abẹ́rẹ́ oní-21 gauge tí wọ́n fi ń fúnni lóògùn fẹ̀ tó 0.8 mm, ó sì ní ihò tí oògùn ń gbà kọjá. Ohun tó mú tèmi yàtọ̀ sí tọ̀hún ni ìdí tí mo fi yan ojú tí mo fẹ́ gún.

Ẹni tó ń ṣe acupuncture ń tẹ̀lé ipa ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ tó ti lé ní 2,000 ọdún ni, ó sì sọ pé agbára kan tí wọ́n ń pè ní qi ń rìn nínú ara gba ipa ọ̀nà ńlá 12, pẹ̀lú méjì tó gba àárín iwájú àti àárín ẹ̀yìn. Ojú 361 ni wọ́n sàmì sí lórí gbogbo wọn. Ojú kan wà ní ojúgun tí wọ́n máa ń lò fún èjìká tó ń dunni, nítorí náà ẹni yẹn kò ṣèèṣì gún ẹsẹ̀. Ahọ́n tó wò àti ọrùn ọwọ́ tó dì mú ló jẹ́ kó yan àwọn ojú tó yàn. Ara lódindi ló ń tọ́jú, oorun àti ìgbẹ́ pẹ̀lú èjìká.

Dry needling ni orúkọ tiwa; mo máa ń pè é ní abẹ́rẹ́ gbígbẹ fún aláìsàn. Inú iṣan ló ń lọ, kì í tọ ipa ọ̀nà qi. Janet Travell, dókítà ará Amẹ́ríkà tó tọ́jú ìrora Ààrẹ John F. Kennedy, tó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ dókítà ààrẹ ní White House, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ya ibi tí kókó inú iṣan kọ̀ọ̀kan máa ń rán ìrora lọ. Ti infraspinatus, iwájú èjìká àti apá ló máa ń rán an lọ jù. Òun a máa fa oògùn tí ń pa ìrora sínú kókó náà. Ní 1979 ni Karel Lewit, dókítà ará Czechoslovakia, wá kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ náà gan-an ń ṣiṣẹ́ láìsí oògùn kankan, bó bá ti bọ́ sí ojú tó le gan-an. Gbígbẹ tí a ń pè é kò ju pé a kò fa nǹkan kan sínú ẹ̀.

Mo ń bọ̀ wá sórí ibi tí ọ̀rọ̀ wa àti ti àwọn ará Ṣáínà ti pàdé, torí ó yẹ kí a jẹ́ olóòótọ́ sí ara wa. Sun Simiao, oníṣègùn wọn kan ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn, ti kọ nípa ojú tí kò sí lórí ipa ọ̀nà kankan, tí oníṣègùn á máa fi ìka wá títí aláìsàn á fi ké pé "ashi", ìyẹn ni pé "háà, ibẹ̀ nìyẹn!" Ohun tí ọkùnrin yìí pariwo lórí bẹ́ẹ̀dì mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Ní 1977, Ronald Melzack, onímọ̀ nípa ìrora, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ojú àwọn ará Ṣáínà àti kókó inú iṣan bára mu ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn mìíràn ta kò wọ́n lẹ́yìn náà, wọ́n ní bí wọ́n ṣe kà á kò tọ̀nà. Síbẹ̀, físíò tó bá dúró lójú aláìsàn tó ń sọ pé ẹ̀tàn ni acupuncture ń ba ara rẹ̀ jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo èyí, ó ronú, ó ní: "Ṣé bíi gbẹ́rẹ́ ni?"

Mo ní rárá, Màmá, a kì í sín in, a kì í sì í fi nǹkan kan ra á.

"Gbẹ́rẹ́ tí wọn ò fi oògùn ra, ṣé kì í ṣe ọgbẹ́ lásán ni?"

N kò ní ìdáhùn tó dára lọ́jọ́ náà. Mo kàn sọ fún un pé ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Wọ́n padà wá ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, láàárọ̀ kùtù. Mo ti béèrè nípa àtọ̀gbẹ, ìfúnpá, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù. N kò béèrè bóyá ó ti jẹun. Ẹlòmíràn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ní kó jókòó lórí àga kó gbé apá lé tábìlì, ká má fi àkókò ṣòfò. Mo fi sípírítì nu ibẹ̀, mo gún un, iṣan náà sì fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ló bá dákẹ́. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "Dókítà, ojú mi ń ṣú." Mo fa abẹ́rẹ́ náà yọ, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àga. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí àwọ̀ rẹ̀ fi padà. Tíì àti búrẹ́dì ló mú un dìde. Àṣé kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti alẹ́, torí ó fẹ́ tètè bá ọkọ̀ lọ.

"Oògùn wo lẹ fún un?" Ìyàwó rẹ̀ ló ń bi mí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Mo tọrọ gáfárà. Mo sọ fún un pé kò sí oògùn nínú ẹ̀, pé ara ọkọ rẹ̀ ló ta padà sí abẹ́rẹ́ lórí ìjókòó àti ebi, àti pé èmi ló yẹ kí n ti béèrè. Mo rò pé ìtọrọ àforíjì yẹn ló jẹ́ kí wọ́n padà wá. Ká ní mo ti fi ọ̀rọ̀ oníṣègùn bo ara mi ni, n kò ní rí wọn mọ́.

Ní ìgbà kejì, ó jẹun. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi sùn, ìrọ̀rí wà lábẹ́ apá ọ̀tún. Mo fi ìka méjì mú okùn inú iṣan náà mọ́ orí egungun, mo sì ti abẹ́rẹ́ wọlé. Ibí yìí ni ọwọ́ wa àti ọwọ́ oníṣẹ́ acupuncture tún ti yà: òun á gún un á fi í sílẹ̀, bóyá á yí i díẹ̀; èmi ń fà á sókè díẹ̀, mo ń tì í padà, láàárín iṣan kan náà, fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, mo sì ń wá ojú náà. Nígbà tó débẹ̀, iṣan náà ta pọ́n-ún lábẹ́ ìka mi. Ó tún ta. "Ó ń gbé ìwọ̀ mì!" ni ọkùnrin náà sọ, bí ẹni tó di okùn ìpẹja mú. Ìgbà tó ta ní ìgbà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó dákẹ́. Mo yọ ọ́, mo tẹ òwú mọ́ ọn, mo sọ abẹ́rẹ́ náà sínú àpótí rẹ̀ lójú wọn. Mo ní kó gbé ọwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ tí kì í kọjá ìdí lọ dé ìbàdí.

Mo sọ fún un pé ara á dùn ún fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, bí ẹni tó ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, pé kó fi omi gbígbóná jó o, kó máa gbé apá náà, kó má sì wọ omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dùn ún fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó sùn fún ọjọ́ mẹ́fà láìkérora. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó pè mí: ó ti padà.

Ó yá mi lára láti tún gún un. Mo ti ní kó máa bọ̀ tán kí ọ̀gá wa tó bi mí pé, "Lọ́jọ́ tó sun oorun kẹfà tán, kí ló jí lọ ṣe?" N kò mọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé mo lọ sí etí omi náà fúnra mi.

Ohun tí mo rí kò sí nínú àlàyé tó ṣe fún mi. Ó ń tinú omi jáde, ó dúró lórí àkàsọ̀, korobá wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Bó ṣe gbé e dé etí ọkọ̀, ó fi gbogbo apá yí korobá náà dé, kó lè dà gbáà, kí yanrìn kankan má kù nínú ẹ̀. Yíyí yẹn, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú apá lókè, ni iṣan ẹ̀yìn èjìká ń dì mú. Mo ka 22 láàárín ìgbà tí mo dúró, n kò sì pẹ́ níbẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ ará Ṣáínà tàbí ará Ìkòròdú tó lè bá ìyẹn du.

Mo ní kó máa bu korobá lábọ̀. Ó kọ̀, ó ní ọkọ̀ ni wọ́n ń san owó fún, kì í ṣe korobá, òótọ́ sì ni. Ohun tí a jọ fohùn sí ni pé ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ á máa gba korobá létí, á máa dà á, kí ọkùnrin náà má yí apá mọ́. Ìyẹn gba ìjíròrò, torí ọmọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, a so ó mọ́ òpó ilé rẹ̀, mo kọ́ ọ bí á ṣe fi ìgbúnwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kó máa fà á síta díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta, ọjọ́ kan yọ ọjọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kà á fún un. Láti ìgbà yẹn, òun ni olùrànlọ́wọ́ tó dára jù tí mo ní lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìgbà kẹta tí mo gún un, ó fi ọwọ́ lé orí èjìká lẹ́bàá ọrùn, ó ní, "Ẹ fi ọ̀kan síbí fún mi, lọ́hùn-ún wọ́n máa ń fi síbẹ̀." Ibẹ̀ le lóòótọ́. Kókó inú iṣan máa ń wà níbẹ̀, ojú tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Jianjing náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ẹ̀kọ́ méjèèjì ti pàdé nìyẹn. Ṣóńṣó ẹ̀dọ̀fóró náà kò jìnnà síbẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó bá jìn jù lè lu ẹ̀dọ̀fóró, kí afẹ́fẹ́ jò sínú àyà. Fún ẹni tó ń jókòó lọ́fíìsì, ìyẹn burú. Fún ẹni tó ń di èémí mú lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà, ó lè pa á. Mo sọ fún un báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dọ̀fóró yín ni irinṣẹ́ yín, n kò ní fi ṣeré." Ọwọ́ ni mo fi wọ́ ibẹ̀. Mo tún sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé lẹ́yìn ìgúnlábẹ́rẹ́ èyíkéyìí láyìíká àyà, tí èémí bá ṣòro tàbí tí àyà bá ń gún un lójijì, kí wọ́n má pè mí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gún un lápapọ̀, tí a bá ka ti ọjọ́ tó dákú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìrora tó pè ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ti di méjì. Ó ti jáwọ́ nínú diclofenac, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn.

Mo máa ń bi ara mi pé mélòó nínú mẹ́fà tó dín kù yẹn ló jẹ́ ti abẹ́rẹ́. Ẹ̀rí tó wà fún abẹ́rẹ́ gbígbẹ ni pé ó ń dín ìrora kù fún àkókò kúkúrú. Fún àkókò gígùn, ẹ̀rí náà kò lágbára. Acupuncture ní tirẹ̀, iṣẹ́ ńlá kan tó jáde ní 2018 kó ìwádìí 39 jọ, aláìsàn 20,827, lórí ìrora tó ti pẹ́ lára, ìrora èjìká wà nínú rẹ̀. Ó fi hàn pé acupuncture dára ju kí a má ṣe é lọ, ó sì fi díẹ̀ ju abẹ́rẹ́ àfarawé lọ, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe bí ẹni pé wọ́n gún un. Díẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Ó ń sọ fún wa pé ara àti ọkàn aláìsàn ń dáhùn sí ìtọ́jú tó ní ọwọ́ ènìyàn, ìsinmi àti ìgbọ́ni nínú. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tẹ́ awayanrìn yìí sílẹ̀ tó sì béèrè oorun rẹ̀ fún un ní nǹkan kan tí èmi, pẹ̀lú ìkánjú mi lórí àga ọjọ́ kìíní, kò fún un.

Fún àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí: kò sí aláìsàn tó ń jókòó gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù wa sì ni "Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?" A kì í ṣí abẹ́rẹ́ kí aláìsàn tó wà níbẹ̀, a kì í lò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí mẹ́dọ̀wú àti kòkòrò HIV kò mọ̀ bóyá oògùn wà nínú abẹ́rẹ́ tàbí kò sí. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ físíò, tí kò lọ kọ́ abẹ́rẹ́ ní pàtó, tí kò mọ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ga tó lábẹ́ èjìká, kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ná. Mo sì gbà pé a gbọ́dọ̀ máa sọ fún aláìsàn, kí a tó gún un, pé kò sí oògùn nínú ẹ̀. Bí a kò bá sọ ọ́, oògùn ni yóò máa rò pé òun gbà, oògùn náà ni yóò sì máa padà wá gbà, korobá á sì máa yí lọ.

Ìgbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ bi mí bóyá ọkọ òun lè máa padà lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí oorun. Mo ní ó lè lọ. Kó sọ fún un pé físíò ti rí kókó lẹ́yìn èjìká, kó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún un, kí wọ́n tú abẹ́rẹ́ láti inú páálí lójú rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí wọ́n gún orí èjìká lẹ́bàá ọrùn ní ọ̀sẹ̀ tó bá fẹ́ wọ omi. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ̀.